Tẹ̀ Ẹ́ Mọ́lẹ̀ Títí Yóò Fi Máa Ṣẹ́jú

Ọ̀nà méjì ni aago eré ìdárayá ń gbà wọ Òkè-Ọ̀dàn. Òmíràn ti Èkó wá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Òmíràn gba Ìdìrókò wọlé láti Kútọnu, Faransé ló ń sọ. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, ọ̀kan á kọ MON, èkejì á kọ LUN. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí wọn kún fún oríṣiríṣi èdè, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò aago rẹ̀ á wá ẹni tí yóò bá a ka ìwé náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa tẹ bọ́tìnnì kiri títí nǹkan yóò fi ṣẹlẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ayọ̀ Bamgboṣe ló ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ohun tó ń kọ́ni. Ẹni tó so aago mọ́ ọwọ́ kò wá orúkọ. Ohun tí ìka rẹ̀ yóò ṣe ló ń wá. Bí mo bá pe stopwatch ní "ẹ̀rọ ìdíwọ̀n àkókò eré ìje", òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ sárésáré á ti dé òpin kí n tó pè é tán. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ kí á máa wá fún aago, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ.

Lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, mo gbọ́ nígbà tí olùkọ́ eré ìdárayá ń fi aago lé ọmọ kan lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n tẹ̀?"

"Tẹ ti apá ọ̀tún. Ó ti ń lọ yẹn. Bí wọ́n bá ti kọjá níbí, gé e. Má dá a dúró o! Gé e ni mo wí."

SPLIT ló pè ní gígé yẹn, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó bá a ṣe é. Ó bá iṣẹ́ náà mu rẹ́gí: aago ń kà lọ nínú, a kàn gé ibi tó dé fún ojú láti rí ni. Ibi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti máa ń da ènìyàn rú ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín LAP àti SPLIT. Bí ọmọ bá fi 1:20 yí pápá po lẹ́ẹ̀kíní, tó fi 1:25 yí i lẹ́ẹ̀kejì, LAP á kọ 1:25, SPLIT á kọ 2:45. Lójú aago, ÌYÍPO àti ÀPAPỌ̀ tó fún iye méjèèjì yìí. Stopwatch tó ń kà láti òdo lọ, àkàlọ ni mo pè é. Èyí tí a fún ní iye tó ń kà á títí yóò fi tán, àkàtán. MODE, tó ń gbé wa láti orí àkókò sí orí ìtanijí àti eré, YÍ OJÚ ni.

Ṣíṣètò aago gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Lórí F-91W tí Casio gbé jáde ní 1989, a ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ apá òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó gbà kí á tún un ṣe; lórí ọ̀pọ̀ aago mìíràn, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Nọ́ńbà tó bá kàn á wá máa tàn, á máa kú. Ìṣẹ́jú ni àwọn baba wa pe mínítì, wọ́n sì pe sẹ́kọ́ńdù ní ìṣẹ́jú-àáyá, torí, lójú wọn, ojú àáyá yá ju tiwa lọ. Nítorí náà, "tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìṣẹ́jú yóò fi máa ṣẹ́jú" lè dà bí eré ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù nínú ìlànà náà.

AM àti PM kò ṣeé tú. Àwa kì í pín ọjọ́ sí méjì: àárọ̀ wà, ọ̀sán wà, ìrọ̀lẹ́, alẹ́ àti òru. Aago kan òru kì í ṣe àárọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí á kúkú fi aago sórí wákàtí 24, kí á fi ẹnu sọ ìyókù.

Ti ìlú tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ G-Shock to orúkọ ìlú ayé sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù àti Kairo wà, Èkó kò sí. Àwa àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ kì í fi í yí aago padà. Ó di Lómè kí ó tó fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan. Nítorí pé Èkó kò sí, Parisi tí aago rẹ̀ bá tiwa mu ni a ó mú, ṣùgbọ́n láti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta sí Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, Parisi ń fi wákàtí kan kún tirẹ̀. DST ni aago ń kọ fún un. Bí a bá tú u sí "aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn", ará Òkè-Ọ̀dàn á máa retí rẹ̀ nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ níbí lásìkò náà. FI 1 KÚN ni mo kọ, kí ó yan RÁRÁ.

Lórí aago tó ń ka lílù àyà, iná aláwọ̀ ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lábẹ́ awọ: ẹ̀jẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì, nígbàkígbà tí àyà bá sì lù, èyí tó ń padà á dín kù. Àwọn kan á ní ọkàn ló yẹ kí á kọ. Ọkàn ń balẹ̀, ọkàn ń bàjẹ́. Ẹni tó sáré, àyà rẹ̀ ló ń lù kìkì. ÀYÀ 142 sì gba ojú aago dáadáa.

PACE ló fún mi níṣẹ́ jù. Ìyára ló kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ìyára bá pọ̀, eré le nìyẹn; PACE tó bá pọ̀, eré ló fà. Ẹni tó rí 6:00 á rò pé òun ju ẹni tó rí 5:00 lọ. Olùkọ́ orí pápá yẹn kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó kàn máa ń bi àwọn ọmọ pé, "Kìlómítà kan, ìṣẹ́jú mélòó?" KM KAN ni mo kọ, pẹ̀lú 5:30 lábẹ́ rẹ̀.