Igbe Ológbò Lóru



Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọjà tú, tí ọmọdé sùn, igbe kan a máa ta lẹ́yìn ilé, bí ìgbà tí ọmọ jòjòló ń sunkún. Ẹnìkan a ní, “Ẹ gbọ́ o, àwọn ayé ti dé!” Òmíràn a mú igi jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a lè bá òkú ológbò lẹ́bàá ògiri. Ọ̀rọ̀ igbe yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó bẹ̀rù ológbò. Ní 1233, Póòpù Gregory kẹsàn-án kọ ìwé kan sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì dárúkọ ológbò dúdú nínú ètùtù ìkọ̀kọ̀ tí ó ní àwọn aládàámọ̀ ń ṣe. Ní ìlú Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọn a máa ju ológbò láti orí ilé ìṣọ́ gíga. 1817 ni wọ́n ju alààyè kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Íjíbítì àtijọ́, Herodotus kọ ọ́ pé bí ológbò bá kú nínú ilé, àwọn ará ilé a fá irun òkè ojú wọn láti ṣọ̀fọ̀. Ológbò kan náà ni. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yàtọ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan fi ìbẹ̀rù àti ìbọ sílẹ̀, wọ́n jókòó wò ó. Charles Darwin, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde ní 1872 lórí bí ènìyàn àti ẹranko ti ń fi inú wọn hàn. Ó kíyè sí i pé ológbò tí inú rẹ̀ dùn a na ìrù sókè, a sì fi ara ra ẹsẹ̀ olówó rẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ jà a lúgọ, a tẹ etí mọ́ orí. Ní 1956, Paul Leyhausen ti ilẹ̀ Jámánì tún fi yé wa pé ológbò tí ó ká ẹ̀yìn bí ọrun, tí irun rẹ̀ dìde, ìbẹ̀rù àti ìbínú ni ó pò pọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ológbò bá ń ju ìrù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má rò pé ó ń yọ̀ bí ajá. Ara ń kan án ni. Bí ó bá ń kùn hùrù-hùrù, ara lè tù ú, ṣùgbọ́n èyí tí ara ń ro náà a máa kùn. Ẹ wo etí, ojú àti ìrù rẹ̀ pọ̀.

Igbe tí à ń gbọ́ lóru ńkọ́? Abo tí ń wá akọ ni, tàbí akọ méjì tí ń jà nítorí abo. Ìdí tí ó fi ń jọ ẹkún ọmọ kò ṣòro. Ní 2009, Karen McComb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sussex rí i pé bí ológbò bá ń tọrọ oúnjẹ, ó lè fi igbe tín-ínrín kan sínú kíkùn rẹ̀, tí ó sún mọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò sin ológbò rí pàápàá gbọ́ ọ bí ọ̀ràn kánjúkánjú. Etí wa ni a dá fún ẹkún ọmọ. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ta wá jí.

Àwọn àgbà ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ní 1969, a mọ àìsàn kan ní ìlú Lassa, ní òkè Ọya, tí irú eku kan tí ń wọ ilé ń gbé kiri. Ó ti pa ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ó bá Ọ̀ṣun pààlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ológbò sísìn mọ́ ohun tí ó ń lé eku, pẹ̀lú bíbo oúnjẹ àti dída ìdọ̀tí nù jìnnà sí ilé. Ẹni tí ó fi igi pa ológbò lóru, eku ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún.

Bí igbe náà bá tún ta lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí igi wà nílẹ̀. Ó dàárọ̀ o.