Akọni Mẹ́fà: Láti Òkè Láńgbòdó dé Ìdíje Pokémon

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ náà wà, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Nígbà tí Àkàrà-ògùn ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, ẹni mẹ́fà ni ó bá a lọ, ohun tí ọ̀kan sì mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ohùn dídùn ni ti Olóhùn-iyọ̀.

Mẹ́fà náà ni ti Pokémon, eré orí ẹ̀rọ tí ó jáde ní Japan ní 1996. Nínú ìdíje rẹ̀, olùdíje a kó ẹranko abàmì mẹ́fà wá, a yan mẹ́rin nínú wọn fún ìjà kọ̀ọ̀kan, méjì a sì máa jà pọ̀ lójú agbo. Kìkì alágbára ni ọ̀pọ̀ ń kó jọ, débi pé ikọ̀ wọn a jọra bí ìbejì.

Ní 2014, nínú ìdíje àgbáyé ní Washington, Se Jun Park, ọmọ Gúúsù Kòríà, mú Pachirisu wá: ẹranko bí ọ̀kẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Olóhùn-iyọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ Pachirisu ni kí ó fa ìjà ọ̀tá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mànàmáná ni ọ̀tá Gyarados, ẹranko omi ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mànàmáná bá ba Pachirisu, ńṣe ni ara rẹ̀ ń yá sí i. Gyarados a sì ráyè múra ìjà. Báyìí ni Park ṣe borí Jeudy Azzarelli ní àṣekágbá.