Àpótí tí wọn kò yọ ọ̀pá rẹ̀

Igi kasíà ni wọ́n fi kan Àpótí Ẹ̀rí. Ìgbọ̀nwọ́ 2½ ni gígùn rẹ̀, ìbú àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 1½. Wúrà ni wọ́n fi bò ó tinú-tòde. Wọ́n fi òrùka mẹ́rin sí i lára, wọ́n ti ọ̀pá méjì bọ inú òrùka náà. Ìwé Ẹ́kísódù wá fi òfin kan kún un tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fò: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ̀pá wọ̀nyẹn.

Ohun mímọ́ jù lọ ní Ísírẹ́lì, ohun gbígbé rìn ni. Lẹ́yìn ọ̀ràn ọmọ màlúù oníwúrà tí Ísírẹ́lì bọ, Ọlọ́run ṣèlérí fún Mósè pé òun fúnra òun yóò bá a lọ, òun yóò sì fún un ní ìsinmi. Mósè dáhùn pé bí kò bá ní bá àwọn lọ, kí ó má wulẹ̀ ṣí àwọn nídìí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbéra, ìwé Númérì sọ pé Àpótí ló ṣáájú wọn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta láti wá ibi ìsinmi fún wọn. Inú aginjù níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ìsinmi yìí, kí wọ́n tó ní ilẹ̀ kankan.

Nígbà tí wọ́n dé Kénáánì, Ṣílò ni wọ́n pàgọ́ sí. Ibẹ̀ ni Sámúẹ́lì, ọmọdé, ń sùn sí nítòsí Àpótí, tí fìtílà kò tíì kú, tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní òru. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sáré lọ bá Élì àlùfáà, pé bàbá ló pe òun.

Ilé kan náà ni ìbànújẹ́ ti wọlé. Ogun Filísítínì le, àwọn àgbààgbà sì ní kí wọ́n gbé Àpótí lọ sójú ogun, bí ẹni gbé oògùn ìṣẹ́gun. Ọ̀tá gbà á. Òjíṣẹ́ ròyìn fún Élì pé Ísírẹ́lì sá, pé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kú. Arúgbó náà fara dà á. Àfìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àpótí ló ṣubú sẹ́yìn, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ní ti Ṣílò fúnra rẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Israel Finkelstein darí níbẹ̀ láàárín 1981 sí 1984 rí àwókù ilé tó jóná ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 ṣáájú ìbí Kírísítì, pẹ̀lú ìkòkò ìkóúnjẹpamọ́ ńláńlá.

Lẹ́yìn oṣù méje lọ́wọ́ Filísítínì, Àpótí padà. Ó pẹ́ ní Kiriati-Jearimu, ó lo oṣù mẹ́ta nílé Obedi-Edomu, ẹni tí gbogbo ilé rẹ̀ rí ìbùkún, kí Dáfídì tó gbé e wọ Jerúsálẹ́mù. Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ḿpìlì fún un. Ó dára kí a kíyè sí i pé nínú ilé olókùúta yẹn pàápàá, ọ̀pá náà ṣì wà nínú òrùka, ó gùn débi pé wọ́n ń rí orí rẹ̀ láti ibi mímọ́.

Bábílónì sun ilé náà ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ìwé Àwọn Ọba to ẹrù tí wọ́n kó lọ lẹ́sẹẹsẹ, àní dé orí ṣíbí. Kò dárúkọ Àpótí. Láàárín àwọn ìgbèkùn ni wòlíì Ìsíkíẹ́lì ti kéde pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ti di ibi mímọ́ fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n fọ́n ká sí. Ọjọ́ Ìsinmi kò nílò òkúta tàbí wúrà, wọ́n lè pa á mọ́ lẹ́bàá odò Kébárì ní Bábílónì. Àwọn tó padà sílé sì kọ́ tẹ́ḿpìlì kejì. Òpìtàn Josephus kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé yàrá inú lọ́hùn-ún rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gòkè wá sí àjọ̀dún níbẹ̀, lọ́dọọdún, títí di ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Kírísítì tí Róòmù wó o.