Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Àìsàn Jíìpù Dísẹ̀lì, Láti Ìgbà Sípánà dé Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo bí ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìn ń fún pọ̀ nínú sìlíńdà títí yóò fi gbóná débi pé epo tí a bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìbáà ṣe agbára ẹ́ńjìnnì, ìbáà ṣe ariwo rẹ̀ tàbí èéfín rẹ̀, ohun mẹ́ta ló gbára lé: iye epo tí wọ́n fọ́n, àkókò tí wọ́n fọ́n ọn, àti ìfúnpá tí wọ́n fi fọ́n ọn, ìyẹn agbára tí epo fi ń ti ara ohun tí ó sé e mọ́. Ìtàn àwọn mẹkáníìkì tí ń tọ́jú jíìpù dísẹ̀lì, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ ìtàn bí ìfúnpá yẹn ṣe ń ga sí i, tí ẹ̀rí àìsàn sì ń kúrò díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú àti etí ti lè bá a.

Rudolf Diesel gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní Jámánì ní 1893, èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa sì jáde ní Augsburg ní 1897, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń gbá epo wọ inú sìlíńdà nígbà náà, ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ sì tóbi ju ohun tí ọkọ̀ kékeré lè gbé lọ. Ilé-iṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart ló tú kókó yìí: ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí páǹpù epo ní 1922, ó sì ń ṣe é jáde lọ́pọ̀ yanturu láti 1927. Páǹpù náà ń ti epo gba inú páìpù irin lọ sí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tóóró tí epo ń gbà fọ́n ní wínníwínní sínú sìlíńdà. Land Rover, tí ó jáde ní 1948, gba ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ní 1957, Toyota Land Cruiser sì gba tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Lára irú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, àìsàn kì í fara pa mọ́ púpọ̀. Èéfín dúdú fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí pé nọ́sù ń da epo dípò kí ó fọ́n ọn. Èéfín funfun jẹ́ epo tí kò jó tán, ó sì lè jẹ́ pé àkókò ìfọ́n ti pẹ́ jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, mẹkáníìkì á jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á wá fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan kí epo lè tú síta: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, sìlíńdà náà ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí kò bá yí padà, ọwọ́ ti ba ibi tó ń ṣàìsàn. Láti mọ àkókò ìfọ́n, wọn á yọ fáàfù orí páǹpù, wọn á de páìpù kékeré tí ó tẹ̀ bí ọrùn ògòǹgò mọ́ ipò rẹ̀, wọn á sì máa fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Epo á kọ́kọ́ máa ṣàn, á wá máa kán tótótó, ibi tí ó bá sì ti dáwọ́ kíkán dúró ni páǹpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo lọ sí nọ́sù. Nọ́sù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ tirẹ̀, tí ó ní gọ́ọ̀jì, tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá tí ó ń ṣí i àti bí epo ṣe ń fọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì 1HZ ti Land Cruiser, líítà 4.2 tí ó jáde ní 1990, àyíká báà 150 ni ìfúnpá yẹn wà, báà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìfúnpá afẹ́fẹ́ ní etíkun. Gbogbo irinṣẹ́ yìí kò ju ẹrù àpótí kan lọ, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ iná mànàmáná nínú rẹ̀.

Òfin tó de èéfín ọkọ̀ wà lára ohun pàtàkì tí ó mú kọ̀ǹpútà wọ inú iṣẹ́ yìí, nítorí páǹpù tí ọwọ́ tò kò lè bu epo ní ìwọ̀n tó péye tó fún òfin náà. Nínú ẹ́ńjìnnì 1KZ-TE tí Toyota mú jáde ní 1993, páǹpù ṣì ń ti epo bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènbọ́ọ̀sì, ló ń pàṣẹ fún fáàfù oníná tí ń pinnu ibi tí epo yóò mọ. Bí ohun kan bá bà jẹ́, kọ̀ǹpútà náà a máa tan iná sí iwájú awakọ̀. Mẹkáníìkì á fi wáyà kékeré so ihò méjì pọ̀, èyí tí wọ́n kọ TE1 àti E1 sí, á sì máa ka iye ìgbà tí iná náà ń ṣẹ́jú. Ní 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ kékeré tuntun gbogbo ní ojú ìkọ́wọ̀ kan náà tí ẹ̀rọ síkáànì, èyí tí ń ka àmì àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, lè wọ̀. Ní Yúróòpù, òfin náà kan bẹntiróòlù láti 2001, ó sì kan dísẹ̀lì ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ìṣòro tuntun sì bá ọgbọ́n tuntun wọlé. Nínú ẹ́ńjìnnì Td5 ti Land Rover, tí ó jáde ní 1998, abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì ń ta sí, ni wáyà àwọn nọ́sù wà, ọ́ìlì náà a sì máa fà gba inú wáyà lọ títí dé ẹnu púlọ́ọ̀gì pupa tí ó so wáyà mọ́ bréènbọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì á máa já iṣẹ́ jù sílẹ̀ bí ẹni pé epo kò tó, bẹ́ẹ̀ epo kò ṣẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì pupa náà, á fi ìka nu inú rẹ̀ wò bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀, kó tó ná kọ́bọ̀ lórí páǹpù.

Ìyípadà tó tóbi jù lọ ni ti páìpù àjọlò, ìyẹn páìpù irin kan tí ó nípọn, tí páǹpù ń kó epo sí ní ìfúnpá ńlá, tí nọ́sù gbogbo sì ń mu láti inú rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣí wọn. Ní Japan, ilé-iṣẹ́ Denso gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù Hino ní 1995. Ní Ítálì, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Fiat ló ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tà á fún Bosch, ó sì dé inú Alfa Romeo 156 ní 1997 pẹ̀lú ìfúnpá báà 1,350. Ẹ́ńjìnnì 1KD-FTV gbé e wọ Land Cruiser Prado ní 2000. Láti ìgbà náà ni dídẹ nọ́ọ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ti di èèwọ̀, nítorí epo tó bá tú jáde ní irú ìfúnpá yẹn lè wọ inú ara gba awọ ọwọ́.

Síkáànì ló wá rọ́pò etí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ti ẹlẹ́rìí kan lọ. Àmì P0087 ń sọ pé ìfúnpá inú páìpù àjọlò kéré. Kò sọ ohun tó jẹ ẹ́. Asẹ́ epo lè ti dí, afẹ́fẹ́ lè máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì, fáàfù tí ń díwọ̀n epo tó ń wọ páǹpù lè máa há, nọ́sù lè máa jò sẹ́yìn, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn ìfúnpá máa parọ́. Ti sẹ́ńsọ̀ rọrùn: bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìgbà díẹ̀, ó yẹ kí ó ka òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Rọ́bà tí ń fi inú hàn, tí wọ́n so sáàárín asẹ́ àti páǹpù, ń jẹ́ kí ojú rí hóró afẹ́fẹ́. Ti nọ́sù, wọn á ki rọ́bà tí epo ń gbà padà lára nọ́sù kọ̀ọ̀kan bọ ìgò tirẹ̀, wọn á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Èyí tí ìgò rẹ̀ bá kún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń fi ìfúnpá ṣòfò. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí, kọ̀ǹpútà kì í ṣí nọ́sù rárá títí ìfúnpá yóò fi tó nǹkan bí báà 200, ìdí nìyí tí jíìpù tí nọ́sù kan ṣoṣo ń jò fi lè kọ̀ láti dáná, tí wọn á sì máa bá bátìrì jà.

Ní irú ọjà bíi Ládipọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀, wàhálà mìíràn tún ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nọ́sù ìgbà páìpù àjọlò ló ní nọ́ńbà gígùn kan lórí, tí ilé-iṣẹ́ kọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wọn bí ó ṣe ń fọ́n epo, tí ó sì yẹ kí wọ́n tẹ̀ sínú bréènbọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá fi í sí ọkọ̀. Nọ́sù tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́, tàbí tí ẹni tó fi í sí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n bí ìfúnpá tilẹ̀ pé, kí síkáànì má sì rí ẹ̀sùn kankan kà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.