Ewu Ọmọ àti Ewu Ẹ̀yìn Rẹ̀: Ìtàn Àwọn Ọmọ Márùn-ún Dionne ní Kánádà, 1934–1998

‘Ẹ kú ewu ọmọ’ ni Yorùbá ń kí ìyá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ìkíni náà fi hàn pé ìbímọ kò ṣàì ní ewu nínú. Bí ọmọ inú bá ṣe ń pọ̀ tó ni ewu náà ń pọ̀ tó. Oṣù kì í sábà pé kí a tó bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọn a kéré, ẹ̀dọ̀fóró wọn kì í sì tíì gbó tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsun ẹ̀jẹ̀ a sì máa wu ẹ̀mí ìyá léwu. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn Dionne fi hàn pé ewu mìíràn lè wà lẹ́yìn ti ìkúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1934, ní àdúgbò Corbeil ní ìpínlẹ̀ Ontario, Elzire Dionne, ẹni ọdún 25, aya Oliva tí í ṣe àgbẹ̀, bí ọmọbìnrin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Yvonne, Annette, Cécile, Émilie àti Marie. Ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí oyún náà pé. Agbẹ̀bí méjì àti dókítà Allan Roy Dafoe ni ó gbẹ̀bí. Ìwọ̀n àwọn márààrún lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 6, èyí tí ó tó ìwọ̀n ọmọ méjì péré tí oṣù wọn pé. Ìyá wọn pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Kò sí iná mànàmáná nínú ilé náà. Penisílíìnì kò sì tíì dé ọwọ́ àwọn dókítà. Ooru ààrò, àpótí amọ́mọmóoru tí kò lo iná mànàmáná, ìmọ́tótó àwọn nọ́ọ̀sì, àti omi ọmú tí àwọn abiyamọ ìlú ńlá fi ránṣẹ́, ni ó gbà wọ́n là. Àwọn ni ìbárùn-ún àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé gbogbo wọn yè kọjá ìgbà ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera yìí kan náà ni ìjọba Ontario dì mú láti gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ òbí wọn. Baba wọn ti kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti fi wọ́n hàn níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kọ̀ ọ́. Ìjọba ní àwọn yóò dáàbò bò wọ́n. Ní 1935, wọ́n ṣòfin tí ó fi wọ́n sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ sí òdìkejì ọ̀nà sí ilé òbí wọn, ohun tí ìjọba ní àwọn ń dènà ni àwọn fúnra wọn wá ń ṣe. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni ó wá wo àwọn ọmọ náà láàárín 1936 sí 1943.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú tí ó wo àwọn Dionne ju igba lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n wíwo ìran kì í ṣe wíwo ọmọ.

Ní 1943, wọ́n padà sọ́dọ̀ òbí tí wọ́n ti di àjèjì sí wọn. Wárápá pa Émilie ní 1954, ní ẹni ogún ọdún. Marie kú ní 1970. Ní 1998, ìjọba Ontario san mílíọ̀nù 4 dọ́là Kánádà fún àwọn mẹ́ta tí ó ṣẹ́ kù nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú.

Nítorí náà, iye ọmọ tí ó la ìkúnlẹ̀ já nìkan kò tó láti fi díwọ̀n àṣeyọrí. Ìtọ́jú tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, tí ó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.