Bí Ẹyẹ Ọ̀sìn Bá Fò Lọ: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹyẹ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn àgò tí a gbàgbé láti tì fún ìṣẹ́jú kan péré lè sọ ẹyẹ ọ̀pọ̀ ọdún di àwátì. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó fò lọ kò tíì sọnù, bí ẹni tó ni ín bá mọ ìwà rẹ̀.

Ẹyẹlé mọ ọ̀nà ilé, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Èyí tí ẹ rà ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ tú sílẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ọmọ ẹyẹlé tí kò tíì fò rí ló dára láti rà. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ sé e mọ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbi tí yóò ti máa rí àdúgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú u, kí ebi ti máa pa á díẹ̀, kó lè tètè wọlé wá jẹ àgbàdo.

Odídẹrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjayà àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, kò sì mọ ọ̀nà padà. Ẹ fi àgádágodo ti àgò rẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ mọ ìkọ́ tú. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹ́ apá gígé, nítorí ó ń hù padà.

Bó bá ti lọ, ẹ má lé e, ẹ má sọ òkò. Ẹ ṣọ́ igi tó bà lé. Ẹ gbé àgò rẹ̀ síta pẹ̀lú oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í jìnnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sísọ̀ kalẹ̀ láti orí igi gíga ló ń bà á lẹ́rù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sàmì sí ibi tó sùn, kí ẹ sì padà débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má lo àtè, ó ń ba ìyẹ́ jẹ́.

Ẹ sọ fún aládùúgbò, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ta ẹyẹ lọ́jà. Ẹ fi àmì kan pamọ́, bíi nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè fi dá òpùrọ́ mọ̀. Ẹ má sì sanwó kí ẹ tó fojú rí ẹyẹ.

Ẹ má sáré lọ ra òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ nínú igbó. Lọ́dún 2016 ni àjọ IUCN ka odídẹrẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àparun. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni àdéhùn CITES sì ti fòfin de káràkátà èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Àwọn àgbà máa ń wúre pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹni tó bá tètè dé abẹ́ igi ni àdúrà náà sábà máa ń gbà fún.