Iná Tí Kò Kan Wáyà: Bí Fíríkúẹ́ńsì Ṣe Ń Pàṣẹ fún Pílásímà

Ní ọdún 1884, Johann Wilhelm Hittorf, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ká wáyà yí ìgò kan tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, tó ku díẹ̀ péré. Ó jẹ́ kí iná mànàmáná ṣẹ́ gba inú wáyà náà kọjá, òrùka ìmọ́lẹ̀ sì yọ nínú ìgò. Kò sí irin kankan tó wọ inú ìgò ọ̀hún. Wáyà kò kan gáàsì, gáàsì kò kan wáyà, síbẹ̀ iná ń jó.

Pílásímà ni Hittorf rí: gáàsì tí agbára iná ti já àwọn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù rẹ̀. Bí iná inú wáyà bá ń yí ojú padà, agbára òòfà tó yí wáyà ká á máa yí tẹ̀lé e, ìyípadà yìí ló sì ń ti àwọn ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kiri ní òbìrípo. Iye ìgbà tí iná náà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni fíríkúẹ́ńsì. Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì kan (MHz) jẹ́ ìgbà mílíọ̀nù kan.

Ní 1891 ni awuyewuye bẹ́ sílẹ̀. J. J. Thomson ní Cambridge sọ pé òòfà ló ń dá ìmọ́lẹ̀ náà. Nikola Tesla, tó ti di ará Amẹ́ríkà, ta kò ó: ó ní fólítéèjì ńlá ara wáyà ló fà á. Ó di 1929 kí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ MacKinnon tó fi hàn pé àwọn méjèèjì ló jàre. Bí iná inú wáyà bá kéré, fólítéèjì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí a bá ń fi kún un, ìmọ́lẹ̀ náà á ṣàdéédéé fò, á di òrùka tó ń tàn yòò. Òòfà ti gbà á lọ́wọ́ fólítéèjì nìyẹn.

Georgy Babat, ará Leningrad, ló mú iná yìí kúrò nínú ìgò tó ṣófo ní àwọn ọdún 1940. Ó ràn án níbi tí gáàsì kò ti pọ̀, ó wá ń tú gáàsì sí i títí tó fi ń jó nínú ìwọ̀n atẹ́gùn tí à ń mí. Ní 1961, Thomas Reed ní MIT jẹ́ kí gáàsì ágọ̀n máa ṣàn gba inú ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì fi iná rẹ̀ yọ́ ìyẹ̀fun di kírísítálì.

Pílásímà ń gbé iná dáadáa, nítorí náà kì í jẹ́ kí òòfà wọ òun lára jinlẹ̀. Etí ara rẹ̀ ni iná ń rìn, ní ìpele kan bí awọ. Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń ga ni awọ yìí ń fẹ́lẹ́: sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, awọ náà á dín sí ìdajì. Nínú ágọ̀n tó ń jó ní 27 MHz, kò ju mìlímítà mélòó kan lọ.

Ìyàtọ̀ tí fíríkúẹ́ńsì ń mú wá kì í ṣe kékeré. Ní nǹkan bí 5 MHz, àárín iná náà kún dí. Bí a bá fẹ́ omi tí a fẹ́ yẹ èròjà inú rẹ̀ wò sí i, gáàsì gbígbóná á tì í dànù, á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ní nǹkan bí 30 MHz, ooru ti kó sí etí, iná náà wá rí bí òṣùká. Ihò àárín yẹn ni a lè ti omi náà gbà, kí ooru tó gbóná ju ojú oòrùn lọ yí i ká, kí èròjà kọ̀ọ̀kan sì tan àwọ̀ tirẹ̀. Stanley Greenfield ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, àti Velmer Fassel pẹ̀lú Richard Wendt ní Iowa ní 1965, ni wọ́n sọ ọ́ di irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Ní 1980, Robert Houk, Fassel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e so mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn átọ̀mù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 27.12 MHz ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ yìí ń lò, tí kì í ṣe 25 tàbí 30 gan-an? Físíìsì kọ́ ló yàn án. Ìpàdé àgbáyé lórí rédíò tó wáyé ní Atlantic City ní 1947 ló ya àwọn fíríkúẹ́ńsì kan sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, kí ẹ̀rọ wọn má baà da rédíò ẹlòmíì rú: 13.56, 27.12, 40.68. Ẹ wò ó dáadáa, èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní, ẹ̀kẹta jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ibi tí òfin fàyè sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti wá àǹfààní. Ní 1982, Capelle, Mermet àti Robin ní Faransé ṣàyẹ̀wò ohun tí fíríkúẹ́ńsì ń ṣe sí iná náà. Bó bá ga, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù á dín kù, ooru á rọlẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń bo àmì èròjà mọ́lẹ̀ á sì rẹ̀yìn. Títí dòní, àwọn kan ń ṣe ẹ̀rọ onífíríkúẹ́ńsì 27.12, àwọn mìíràn ń ṣe 40.68.

Ẹni tó bá fẹ́ iná ńlá kò gbọdọ̀ gòkè bẹ́ẹ̀. Ní Von Karman Institute, lẹ́bàá Brussels, ẹ̀rọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ gbalasa òfuurufú lọ́wọ́ ooru wò ń lo 0.4 MHz péré pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 1.2, nítorí ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 160, ooru sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù náà sọ̀ kalẹ̀: Philips lo 2.65 MHz fún gílóòbù QL ní 1991, Osram sì lo 0.25 MHz fún tirẹ̀.

Irú iná oníhò inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà ló dáhùn ìbéèrè kan nípa Ilé-Ifẹ̀: ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni, àbí wọ́n kó o wá láti òkèèrè? Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wú ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, jáde ní 2018. Léésà bu eruku bíńtín lára ìlẹ̀kẹ̀, gáàsì gbé e wọ inú pílásímà, ẹ̀rọ sì ka èròjà rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù tó pọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò bá ti gíláàsì Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà.